Ohun Tó Yẹ Kí A Tún Ṣe: Rédíò Àtijọ́ ní Abidjan

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè dá dúró ni a máa ń lò pọ̀ bí a bá fẹ́ sọ pé ohun tó bàjẹ́ ti padà dára: *tún* àti *ṣe*. Orúkọ ohun tí ọ̀rọ̀ kàn yóò wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ẹni tí ènìyàn méjì dì mú ní apá ọ̀tún àti apá òsì: tún ilé ṣe, tún ọ̀nà ṣe, tún ìwà ṣe, tún rédíò ṣe. Bí a bá wo ìhun ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kò sọ pé a wo ohun náà sàn bí aláìsàn, kò sì sọ pé a dá a padà sí bí ó ti wà rí. Ohun tó sọ ni pé a ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ṣe rédíò kan ní àkọ́kọ́ lè wà ní Jàpáànù tàbí ní Hóláǹdì. Ẹni tó tún un ṣe wà ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, ó jókòó sórí àpótí, ó mú irin gbígbóná lọ́wọ́. Lójú èdè, iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò jìnnà síra: èkíní ṣe é, èkejì tún un ṣe. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ti jáde. Nígbà wo ni ó tọ́ kí a tún ohun kan ṣe, nígbà wo ni ó sì tọ́ kí a jẹ́ kí ó lọ? Ṣé ọ̀rọ̀ owó lásán ni, àbí ọ̀rọ̀ ìwà wà níbẹ̀?

A kò lè dáhùn ìbéèrè yìí láìkọ́kọ́ mọ irú ohun tí rédíò jẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Àpótí kékeré ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, onílé kò sì lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni yóò gbà. Orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo rédíò sì ń jẹ́ títí di òní, ni asọ̀rọ̀mágbèsì: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ lásán kọ́ ni èyí. Ìdájọ́ wà nínú rẹ̀. Láàárín Yorùbá, ọba pàápàá a máa gbọ́ èsì lẹ́nu àwọn ìjòyè rẹ̀, bàbá a sì máa gbọ́ èsì lẹ́nu ọmọ tó ti gbọ́njú. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kò bìkítà fún èsì, bí kò bá jẹ́ ọ̀yájú, a jẹ́ pé aláṣẹ àjèjì ni.

Rédíò alágbèéká ló yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Kí ó tó dé, rédíò tóbi, ó sì wúwo. Àwọn gílóòbù inú rẹ̀ ń gbóná, wọ́n sì ń jẹ bátìrì bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ koríko. Ní ọdún 1949, ilé-iṣẹ́ Ever Ready ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe rédíò kan fún àwọn ará Northern Rhodesia, ilẹ̀ tó di Zambia lónìí. Inú ara ìkòkò ìsebẹ̀ ni wọ́n kó o sí, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Saucepan Special. Pọ́ùn 5 ni wọ́n ń tà á, láìka bátìrì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò mú rédíò fúyẹ́ ti wà ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, John Bardeen àti Walter Brattain, tí wọ́n ń bá William Shockley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell, ṣe transistor àkọ́kọ́, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ gílóòbù láìgbóná bíi tirẹ̀. Ọdún 1956 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1954, Regency TR-1 tó ní transistor 4 péré jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi dọ́là 50. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Sony gbé tirẹ̀ jáde ní Jàpáànù. Láàárín ọdún díẹ̀, àgbẹ̀ lè gbé ohùn ayé lọ sóko, oníṣòwò sì lè gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì kò tíì máa gba èsì, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lára ògiri. Ẹni tó ni ín lè yí i sí ibi tó wù ú, ó sì lè pa á lẹ́nu mọ́.

Ní Abidjan, ohun tí rédíò yìí ṣe fún àwọn Yorùbá kò kéré. Ọdún 1934 ni ìlú náà di olú-ìlú Côte d'Ivoire lábẹ́ ìjọba Faransé. Nígbà tí wọ́n sì la ojú omi Vridi já ní ọdún 1950, tí ọkọ̀ òkun ńlá lè wọ inú ọ̀sà Ébrié, ọjà àti ènìyàn pọ̀ sí i níbẹ̀. Àwọn Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anango, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tẹ̀dó sí Treichville, Adjamé àti àdúgbò mìíràn, wọ́n ń tajà, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń kọ́lé sílé. Ọ̀nà tó wà láàárín Abidjan àti Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà, ó sì gba Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Ohùn tí FM ń gbé kì í jìnnà sí ìlú tí ó ti jáde. Ṣùgbọ́n ìgbì àárín a máa rìn jìnnà ní alẹ́ ju ọ̀sán lọ, nítorí pé òkè òfuurufú a máa dá a padà sí ilẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀. Ìgbì kúkúrú, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, sì lè gba orí òkun kọjá. Fún ẹni tó wà ní Treichville, rédíò tó bá mú àwọn ìgbì yìí kì í ṣe ohun ìgbádùn nìkan. Ojú ọ̀nà tó kọjá sí ìlú àwọn ẹlòmíràn ni.

Kí ònkàwé wá fi ojú inú wo ọ̀ràn kan. Ìyá àgbàlagbà kan gbé rédíò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wá sọ́dọ̀ atúnrédíòṣe kan ní Adjamé. Rédíò náà ti tó ogójì ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ ti tu, ìpẹtà sì ti jẹ irin tó ń gba iná lẹ́nu bátìrì. Eruku ti wọ ibi tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè, ìdí rẹ̀ nìyí tó fi ń han gooro bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Okùn tó ń fa abẹ́rẹ́ ìtọ́ka ti já. Díẹ̀ nínú àwọn capacitor rẹ̀ ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé inú sípíkà rẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n ọ̀pá dúdú tí wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́, èyí tó ń mú ìgbì àárín láti inú afẹ́fẹ́, kò fara pa rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣírò iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

"Màmá, ẹ má bínú," ni yóò wí, "owó tí mo máa gbà lórí èyí, ẹ lè fi ra tuntun méjì ní ọjà Black."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni ìyá yóò dá a lóhùn. "Ti tuntun kọ́ ni mo bá wá."

Ta ni ó tọ̀nà nínú wọn? Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó bá ní kí ìyá ra tuntun, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣiwèrè. Owó tó wà lọ́wọ́ opó kì í pọ̀. Ohun tó bá ná lórí rédíò, kò ní ná an lórí oògùn tàbí lórí owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ. Tuntun yóò fúyẹ́, ọmọdé inú ilé yóò mọ̀ ọ́n lò; ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú àpò pàápàá ń gba rédíò. Bí ó bá jẹ́ nítorí ọkọ ni, òkú kò sí nínú rédíò; ìrántí ọkàn tó fún un. Àwọn àgbà fúnra wọn sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìparun a máa ṣí ọ̀nà fún ohun tó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹni tó bá sì ń di ẹrù gbogbo mú kò ní rí ọwọ́ gba tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ gbe ìyá náà níjà gbọ́dọ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Kò tó kí ó kàn máa yin àtijọ́ nítorí pé àtijọ́ ni.

Ìdáhùn kìíní ni pé iye tí a kọ sára tuntun kì í ṣe gbogbo iye rẹ̀. Ẹni tó ra tuntun ti san owó tuntun. Ta ni yóò san owó ibi tí ògbólógbòó yóò sùn? Abidjan wà lára àwọn ìlú tó mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí lára. Ní ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí ìlú sí Akouédo, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbé, wọ́n sì ń dà á síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Probo Koala já ẹ̀gbin olóró tó ti inú epo rọ̀bì wá sílẹ̀ ní Abidjan, wọ́n sì dà á káàkiri ìlú ní òru, títí kan Akouédo. Ìjọba kéde pé ènìyàn 15, ó kéré tán, ló kú. Àwọn tó lọ gba ìtọ́jú lé ní 100,000. Òótọ́ ni pé rédíò kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó lè fi rédíò opó kan wé irú ìwà ibi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tó bí i ni a rí nínú ọ̀rọ̀ "sọ ọ́ nù": èrò pé ibì kan wà tó ń jẹ́ "nù", tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òjé, bàbà àti oríṣiríṣi irin tó wà nínú ẹ̀rọ kò ní ibi tí wọ́n ń lọ bí kò ṣe inú ilẹ̀ àti inú omi tí ẹlòmíràn ń mu. Àtúnṣe kò mú òjé náà kúrò láyé, ṣùgbọ́n ó mú kí ó wà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì sún ọjọ́ tí yóò di ẹ̀gbin síwájú.

Ìdáhùn kejì jẹ mọ́ ìmọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ohun kan kò wúlò mọ́ ń sọ̀tẹ́lẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ sì lè kùnà. Ní òru ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohùn RFI, BBC àti Africa N° 1 dákẹ́ lórí FM ní Abidjan. Ní oṣù Keje ọdún 2005, wọ́n tún dá ti RFI dúró lórí FM. Rédíò kékeré tó mú FM nìkan di àpótí tí kì í gbé ìròyìn òkèèrè wá mọ́. Ògbólógbòó tó mú ìgbì kúkúrú, tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí, ni kò sí ẹni tó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ nínú ìlú, nítorí pé ohùn tó ń gbà kò ti inú ìlú wá.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Algeria. Frantz Fanon, dókítà ọmọ Martinique, ròyìn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1959 pé ọ̀pọ̀ ará Algeria kò fẹ́ rédíò nílé wọn nígbà tó jẹ́ ohùn Faransé nìkan ló ń sọ. Ní ìparí ọdún 1956, nígbà tí àwọn tó ń jà fún òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, kíá ni rédíò tán lórí àtẹ. Ìjọba Faransé fi òfin de títa rédíò oníbátìrì. Ohun tó yẹ kí a fiyè sí nínú ìròyìn Fanon ni pé òwò ògbólógbòó rédíò bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà, àwọn ará Algeria tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó sì ṣí ìsọ̀ kéékèèké. Ìjọba lè ti ẹnu ọ̀nà èbúté. Kò lè ti ọwọ́ ẹni tó mọ àtúnṣe. Àwọn tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń bá wí láti ọjọ́ pípẹ́ rí ọ̀nà fún un ní èsì.

Alátakò lè sọ pé ọjọ́ yẹn ti lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Yúróòpù ti fi ìgbì kúkúrú sílẹ̀. Ti Switzerland dákẹ́ ní ọdún 2004, ti Hóláǹdì sì dákẹ́ ní ọdún 2012. Àwọn ibi tí ìyá náà lè yí abẹ́rẹ́ ìtọ́ka sí ń dín kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí pé gbogbo rédíò àtijọ́ ni yóò wúlò lọ́la. Ohun tó dúró lé ni pé ọgbọ́n àtúnṣe kì í gbé nínú ìwé nìkan. Ọwọ́ ló ń gbé, ọwọ́ tí kò bá sì rí iṣẹ́ ṣe yóò gbàgbé. Bí ẹni gbogbo bá ń ra tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin Adjamé yóò lọ wá iṣẹ́ mìíràn, kò sì ní sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé, owó kò ní lè ra ọgbọ́n náà padà lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, owó tí ìyá san kì í ṣe owó rédíò rẹ̀ nìkan. Ó fi díẹ̀ tọ́jú ohun tó jẹ́ ti gbogbo àdúgbò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní èyí lọ́kàn.

Ìdáhùn kẹta ló ṣòro jù, nítorí òun ló kan ohun tí ìyá gan-an sọ: "Ti tuntun kọ́ ni mo bá wá." Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá pààrọ̀ sípíkà, tó pààrọ̀ capacitor, tó sì fi okùn mìíràn sí i, ṣé rédíò ọkọ rẹ̀ náà ni yóò gbé lọ sílé? Bí ó bá tún padà wá lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí wọ́n pààrọ̀ ìyókù ńkọ́? Àwọn Gíríìkì ìgbàanì bi irú ìbéèrè yìí nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, èyí tí wọ́n ń yọ pákó rẹ̀ tó jẹrà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí Yorùbá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ egúngún ilé ni wọ́n ń fi aṣọ tuntun kún ẹ̀kú rẹ̀ láti ìran dé ìran. Aṣọ tí baba ńlá rán lè ti gbó pátápátá, síbẹ̀ bí egúngún náà bá jáde, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é, oríkì kan náà ni wọ́n ń kì í. Ìlú pẹ̀lú ńkọ́? Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ mìíràn dó ní Àgọ́. Ilẹ̀ yí padà, ògiri yí padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn inú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé Aláàfin ìlú mìíràn ni.

Ohun tí àpẹẹrẹ méjèèjì kọ́ni ni pé kì í ṣe igi, aṣọ tàbí irin nìkan ló ń mú kí ohun kan máa jẹ́ ara rẹ̀. Títọ́jú tí ẹnìkan kò dá dúró, orúkọ tí a kò yí padà, àti iṣẹ́ tí ohun náà kò ṣíwọ́ ṣíṣe wà lára rẹ̀. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Rédíò tí a pààrọ̀ sípíkà rẹ̀ ṣì jẹ́ rédíò ọkọ ìyá náà nítorí pé ìtọ́jú tí ọkọ bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó ń bá lọ. Tuntun, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò sí nínú ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀ ni òwe tó sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Owó lè ra aṣọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan ló ń fúnni ní àkísà. Ẹni tó sọ pé òkú kò sí nínú rédíò sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán. Òkú kò sí níbẹ̀; iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹrù tó wà lọ́rùn atúnṣe wúwo. Oníbàárà kì í rí inú rédíò. Ó rọrùn fún aláìṣòótọ́ láti yọ sípíkà tó dára, kí ó fi èyí tó ti rẹ̀ sí i, kí ó sì gba owó lórí ohun tí kò ṣe. Iṣẹ́ tí ojú ẹni tó ni ín kò tó ni a fi ń mọ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n òótọ́ nìkan kò tó. Ìwọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Atúnṣe tó gbọ́n a kọ́kọ́ wo ẹnu bátìrì kó tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, a sì máa fi ohun tí kò bàjẹ́ sílẹ̀ bó ti wà. Kì í gbìyànjú láti fi hàn pé òun gbọ́n ju ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹnu láti sọ pé, "Màmá, èyí ò ṣeé tún ṣe mọ́." Àtúnṣe tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró ti di ìtànjẹ. Nígbà náà, rédíò tó kú yóò fi ọ̀pá dúdú rẹ̀ tàbí bọ́tìnnì rẹ̀ fún òmíràn. Èyí náà kì í ṣe ẹ̀gàn fún un.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra kí ìyìn àtúnṣe má di ìyìn òṣì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pe ẹrù àlòkù tó ti òkè òkun dé ní tòkúnbọ̀, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi. Ní Abidjan, "France au revoir" ni wọ́n ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀: Faransé, ó dàbọ̀. Ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n etíkun méjì ni orúkọ méjèèjì ti ń wò ó. Tòkúnbọ̀ ń kí ẹni tó dé káàbọ̀ bí ọmọ. Èkejì rántí pé ẹnìkan ti sọ pé ó dìgbóṣe kí ó tó dé ibí. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ní oṣù Keje ọdún 2006, òfin Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í dí òjé lọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ oníná tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn ògbólógbòó olójéé kò tìtorí èyí kúrò láyé. Ẹni tó ń yọ́ òjé wọn ní Adjamé tàbí ní Èkó ló ń fa èéfín wọn símú. Kò tọ́ kí ẹni tó wà lókè òkun máa yin ọgbọ́n ọwọ́ atúnṣe, kí ó má sì bèèrè afẹ́fẹ́ tó ń mí. Ìwọ̀nba ìyípadà ti ń bọ̀: láti oṣù Kìíní ọdún 2021, òfin Faransé ti ní kí àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ kan máa kọ ọ́ sára wọn bí wọ́n ṣe ṣeé tún ṣe sí, Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà sì ṣe òfin lórí ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe ní ọdún 2024. Ohun tí òfin wọ̀nyí ń wá ni ohun tí ìsọ̀ Adjamé kò fi ìgbà kan gbàgbé. Ìyàtọ̀ ni pé níhìn-ín, àìní ló kọ́kọ́ kọ́ni. Àìní a máa kọ́ni ní ìwà rere nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ kí olùkọ́ náà máa gbé ilé ẹlòmíràn títí láé.

Àwọn olùkọ́ èdè ní ìdí tiwọn láti fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Èdè náà jẹ́ ohun àtijọ́ tó nílò atúnṣe. Ní ọdún 1875, àwọn tó ń kọ Yorùbá sílẹ̀ pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí àkọtọ́. Ní ọdún 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé jáde lórí àkọtọ́ kan náà. Ní ọdún 1974, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àtúnṣe tó sọ *aiye* di *ayé*, *ẹiyẹ* di *ẹyẹ*, *enia* di *ènìyàn*. Wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, wọ́n fi èyí tó dára sílẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ìwé àtijọ́ kà ṣì lè ka tuntun. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí ní Abidjan ń fi Faransé bọ inú Yorùbá. Àwọn kan á sọ pé kí wọ́n kúkú sọ Faransé tán, nítorí pé ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ó sì ń mówó wá. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún opó náà nìyí lọ́nà mìíràn. Òótọ́ ni pé èdè tí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè ṣì jẹ́ èdè baba, bí ẹgbẹ̀rún egúngún ṣe ń jẹ́ ti ilé wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú rẹ̀ mọ́, kò sí aṣọ tuntun tó lè mú un jáde.

Kí ni ìdáhùn, nígbà náà? Kò sí òfin kan tó lè sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n tún gbogbo nǹkan ṣe. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú owó: ibo ni èyí yóò sùn bí ó bá kúrò lọ́wọ́ mi? Ọgbọ́n wo ni yóò bá a lọ? Ìtọ́jú ta ni mo fẹ́ dá dúró? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sì ra tuntun kò ṣẹ̀. Opó tó ní oògùn láti rà kò jẹ̀bi bí ó bá jẹ́ kí rédíò ọkọ rẹ̀ sinmi. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tí kò bi ara rẹ̀ léèrè ohunkóhun, tó ka iye tó wà lára ọjà sí gbogbo òótọ́ tó wà láyé. Asọ̀rọ̀mágbèsì kì í gba èsì. Ohun tó bàjẹ́ a máa béèrè rẹ̀, ọwọ́ ni a sì fi ń fún un.